Rosemary n'Ìbàdàn: kí lẹ ń ṣe tí tiyín fi ń yè lásìkò òjò?

Àbẹ̀ní Àkóbọ̀
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Mo ra rosemary, ewé olóòórùn tí wọ́n ń fi sóúnjẹ tí wọ́n sì ń lò fún irun, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì lóṣù kẹta, ó tutù yọ̀yọ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ewé ẹ̀ lásán òórùn ẹ̀ ò ní kúrò lọ́wọ́ yín bọ̀rọ̀. Mo gbé e síwájú ilé, mò ń bomi rin ín láràárọ̀, gbogbo ẹ̀ ń lọ déédéé títí tójò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lákọlákọ lóṣù kẹfà. Ní báyìí ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti pọ́n, òmíì ti gbẹ, téèyàn bá fọwọ́ kàn án wọ́n á máa já bọ́ sílẹ̀. Àwọn ará ilé wa ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, pé kí n fi omi kún omi. Àbúrò mi ní kì í ṣe nǹkan ilẹ̀ wa, pé kí n jẹ́ kó máa lọ. Èmi ò fẹ́ kó lọ o. Ṣé oòrùn ni ò tó ni àbí omi ni ò tó? Inú nylon dúdú tí wọ́n fi tà á fún mi ló ṣì wà, mo kàn gbé e sínú ike ọ̀dà kó lè dùn ún wò ni.

Ìyá Tólú, Àpáta
Àǹtí Àbẹ̀ní, ẹ má bomi rin ín mọ́ o. Ẹ dúró ná. Ike ọ̀dà yẹn, ṣé ó nihò nídìí?

Àbẹ̀ní Àkóbọ̀
Kò nihò mà.

Ìyá Tólú, Àpáta
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà yẹn. Ẹ gbé nylon yẹn jáde kúrò nínú ike nísinsìnyí kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀.

Àbẹ̀ní Àkóbọ̀
Háà. Omi ló kún ìdí ẹ̀ mà, ó ti dúdú, ó ń rùn.

Bàbá Olódòdó, Jericho
Àbẹ̀ní ọmọ mi, mo kí ọ. Látìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ òdòdó yìí, rosemary tí mo rí tómi pa pọ̀ ju èyí tí òùngbẹ pa lọ fíìfíì. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀ ni pé bákan náà làwọn méjèèjì ṣe ń rí lójú. Tómi bá pọ̀ jù, gbòǹgbò á jẹrà, gbòǹgbò tó bá sì ti jẹrà ò lè fa omi mọ́, omi wà nídìí ẹ̀ o ṣùgbọ́n kò rí i mu, ni ewé á bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ẹni tó ni ín á ní òùngbẹ ni, á tún da omi sí i. Bí wọ́n ṣe ń kú nìyẹn, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Má fi orí fà á tu. Fi ọ̀bẹ ya nylon yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o rọra gbọn iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ dà nù kó o lè rí gbòǹgbò. Èyí tó bá funfun tó sì le, ó yè. Èyí tó bá ti dúdú, tó rọ̀, tó jẹ́ pé tó o bá fìka méjì fà á awọ ẹ̀ á bọ́ sí ọ lọ́wọ́ kó ku okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín, ìyẹn ti lọ, gé e dà nù. Kó o tó gé e, fi spírítì nu ọ̀bẹ náà, kó o tún nù ún tó o bá ṣe tán. Kí o tún wo iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi gbìn ín. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà létí títì, ilẹ̀ pupa tó lámọ̀ nínú ni wọ́n fi ń dì í, torí kì í tú tí wọ́n bá ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó dáa fún gbígbé, kò dáa fún rosemary. Ẹni tó bá ra èyíkéyìí, kó má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tún un gbìn kí òjò tó le.

Kọ́lá Agric
Òótọ́ ni Bàbá ń sọ. Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ tì í. Etí Òkun Mẹditaréníà ni rosemary ti ṣẹ̀ wá, Spain, Italy, Morocco, Tunisia, gbogbo agbègbè yẹn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà òtútù lòjò ń rọ̀, tí ooru bá dé ilẹ̀ wọn á gbẹ táútáú. Torí náà ooru àti omi kì í pàdé nídìí ẹ̀. Tiwa n'Ìbàdàn yàtọ̀, àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni, òjò á bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta sí ìkẹrin, ó di oṣù kẹwàá kó tó lọ, kódà tó bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní August atẹ́gùn ṣì máa ń tutù rinrin. Gbogbo ẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bíi 1,300 mílímítà. Ilẹ̀ tó gbóná tó tún rin gbingbin yìí ni àwọn ohun àìfojúrí tí ń mú gbòǹgbò jẹrà, àwọn Phytophthora àti Pythium, fẹ́ràn jù láyé, inú omi ni wọ́n ti ń tàn kálẹ̀.

Nítorí náà ẹ sọ fún àbúrò yín pé oòrùn Ìbàdàn ò ṣe rosemary ní nǹkan kan, ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Omi tó dúró nídìí ẹ̀ ló ń bá a jà. Ẹni tó bá ti yanjú ọ̀rọ̀ omi, ó ti yanjú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Àbẹ̀ní Àkóbọ̀
Ẹ ṣé gan-an ni sà, Bàbá ẹ ṣeun, Mọ́mì Tólú ẹ ṣeun. Mo ti ya á. Apá kan ti dúdú pátápátá, apá kejì ṣì funfun. Mo ti gé èyí tó bàjẹ́ kúrò. Irú iyẹ̀pẹ̀ wo ni kí n wá gbìn ín sí báyìí?

Ìyá Tólú, Àpáta
Èmi tí mò ń gbìn ín látọdún pípẹ́, bí mo ṣe ń po tèmi nìyí: bókẹ́ẹ̀tì iyẹ̀pẹ̀ dúdú kan, bókẹ́ẹ̀tì yanrìn kan, ìdajì bókẹ́ẹ̀tì òkúta wẹ́wẹ́. Yanrìn yẹn, ẹ fetí sílẹ̀ o, shápù sáńdì ni, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ ó ń gún yín lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ má lo yanrìn múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, ìyẹn á wọnú iyẹ̀pẹ̀ á dí gbogbo ojú ihò tí omi ń gbà kọjá. Tí wọ́n bá ń kọ́lé ládùúgbò yín ẹ bẹ̀ wọ́n, wọ́n á bu díẹ̀ fún yín. Èmi tún máa ń fọ́ èédú wẹ́wẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá wá pò ó tán, ẹ da omi lé e lórí kẹ́ ẹ wò ó, omi yẹn gbọ́dọ̀ jáde nídìí ìkòkò kíákíá, tó bá dúró lójú iyẹ̀pẹ̀ tó ń rò ó, ẹ fi yanrìn kún un.

Kí ẹ tó da iyẹ̀pẹ̀ sí i, ẹ kó òkúta sísàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè ráyè lọ.

Kọ́lá Agric
Mọ́mì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, òkúta ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí, ẹ má bínú mà. Omi kì í tètè kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sínú òkúta àfi tí iyẹ̀pẹ̀ bá kọ́kọ́ rin yó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé omi á dúró lórí òkúta níbẹ̀, ibi tí omi ń dúró sí á wá sún mọ́ gbòǹgbò ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ó sàn kẹ́ ẹ po òkúta yẹn mọ́ iyẹ̀pẹ̀ látòkè délẹ̀, kí ihò ìdí ìkòkò sì pọ̀. Ẹ lè fi àfọ́kù ìkòkò kan tàbí àwọ̀n bo ojú ihò kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa máa jáde, ìyẹn náà ti tó.

Ìyá Tólú, Àpáta
Mo gbọ́ ọmọ mi. Tèmi ń yè bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ màá gbìyànjú tìẹ náà wò lórí ọ̀kan, ká wò ó.

Bàbá Olódòdó, Jericho
Kọ́lá tọ̀nà. Ìkòkò amọ̀ lẹ lè fi ṣe, ìyẹn ló dáa jù fún rosemary, ara ẹ̀ ń mí, omi ń gba ara ìkòkò jáde. Tó bá jẹ́ ike ọ̀dà lẹ fẹ́ lò, kò burú, ẹ fi irin gbígbóná lu ihò tó pọ̀ sí ìdí ẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lórí búlọ́ọ̀kù méjì kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá gbé abọ́ sábẹ́ ìkòkò, kó máa da omi inú abọ́ nù. Má sì lo ìkòkò tó tóbi jù fún igi kékeré, iyẹ̀pẹ̀ tó pọ̀ láyìíká gbòǹgbò kékeré kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Àbẹ̀ní, torí pé o ti gé gbòǹgbò, gé orí ẹ̀ náà díẹ̀, má gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta, kí gbòǹgbò tó kù má bàa ní ẹrù tó ju agbára ẹ̀ lọ. Gbìn ín tán, má bomi rin ín lọ́jọ́ yẹn, iyẹ̀pẹ̀ tó tutù díẹ̀ tó o fi gbìn ín ti tó o. Gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán ò ti ní ta á tààrà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó o tó dá a padà sínú oòrùn. Má fi ajílẹ̀ kankan sí i báyìí.

Ṣadé Onírun, Mọ̀kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mo fẹ́ bi yín, aládùúgbò mi kan ní ìgbẹ́ adìyẹ ló máa ń mú un dàgbà kíá, pé kí n dà á sí tèmi nídìí. Mo fẹ́ kó tètè pọ̀ ni torí mò ń lò ó fún irun àwọn kọ́sítọ́mà.

Bàbá Olódòdó, Jericho
Ṣadé, má dán an wò. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù gbóná jù, á jó gbòǹgbò ẹ̀. Kódà èyí tó ti jẹrà dáadáa, tó bá pọ̀, rosemary á ga, á rọ̀, á fẹ́ ewé, ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀ á dín kù, kòkòrò á sì tètè mú un. Ohun tí kì í jẹun púpọ̀ ni. Tó o bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, kọ́ńpósìtì tó ti jẹrà dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan nígbà tójò bá ń bẹ̀rẹ̀, ó tán. Tí ilẹ̀ yín bá kan (ìyẹn acidic), ẹ lè wọ́n eérú ìdáná díẹ̀ sí i, torí kò fẹ́ ilẹ̀ tó kan, àmọ́ díẹ̀ ni mo wí.

Dẹ̀jọ Òkè Àrẹ̀
Èmi ò lo ìkòkò o, inú ilẹ̀ ni tèmi wà, ó sì ti di igi tó le báyìí, ìdí ẹ̀ ti ní èèpo gidi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ ebè, bí wọ́n ṣe ń kọ ebè iṣu gan-an, mo po yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn mo wá gbìn ín sórí, kí òjò rọ̀ títí di ọ̀la kò lè dúró lórí ebè, á ṣàn lọ sí poro ni. Ilé wa náà wà lórí òkè, ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ilé wọn wà ní kòtò, lápá ibi tí odò ń gbà, ẹ máa gbọ́n ní tiyín, ẹ kọ́ ebè yẹn ga dé orúnkún, àbí kẹ́ ẹ lo táyà méjì kẹ́ ẹ tò ó lérí ara wọn kẹ́ ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹ ṣáà má gbìn ín sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹ má sì gbìn ín sábẹ́ ibi tí omi páànù ń dà sí o, mo ti rí ilé tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, omi páànù kan ṣoṣo tó ọ̀pọ̀ òjò.

Mistura Challenge
Ẹ bá mi dá sí tèmi. Ojúdè wa ò ní oòrùn púpọ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì ló dúró tì wá lọ́tùn-ún lósì, oòrùn tó ń wọlé sí wa ò ju láti nǹkan bí aago mọ́kànlá sí aago kan lọ. Ṣé ó lè yè níbẹ̀? Mo tún rí àwọn tó ń ta èso ẹ̀ (hóró tí wọ́n ń gbìn) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé kí n rà á?

Kọ́lá Agric
Àǹtí Mistura, kó má baà di pé ẹ náwó yín dànù, ibẹ̀ ò dáa fún un. Oòrùn wákàtí 6 ó kéré tán ló fẹ́, tó bá tó 8 ó tún dáa. Tí kò bá rí oòrùn á máa nà wérewère, ewé ẹ̀ á jìnnà síra wọn, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ ò sì ní gbẹ bọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ omi la tún padà sí yẹn. Tẹ́ ẹ bá ní dẹ́ẹ̀kì lókè tàbí ojú fèrèsé tí oòrùn ń bá, ẹ gbé e síbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ gbin mint, òun lè fara da ibòji díẹ̀. Ìdílé kan náà ni rosemary, mint àti efinrin ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra, àwọn méjì yẹn fẹ́ omi gan-an, torí náà ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbìn wọ́n sínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú rosemary. Aloe vera, etí erin yẹn, ló lè bá a gbé ìkòkò kan.

Ti èso, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Èso rosemary kì í hù dáadáa, èyí tó bá hù náà lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó yọjú, ó sì máa pẹ́ gan-an kẹ́ ẹ tó rí nǹkan já lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣáà fẹ́ ra èso, ẹ mọ̀ pé wọ́n lè kọ Rosmarinus officinalis sára páálí ẹ̀, wọ́n sì lè kọ Salvia rosmarinus, orúkọ kejì yìí ni wọ́n ń lò látọdún 2017, nǹkan kan náà ni. Ẹ̀ka ló yá jù. Ẹ gba ẹ̀ka lọ́wọ́ ẹni tó ní in.

Mistura Challenge
Dẹ́ẹ̀kì wà lókè o, lọ́ọ̀dù wa ò ní kọ̀. Ẹ ṣeun. Báwo wá ni wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀ka ọ̀hún?

Màmá Ṣẹ́gun, Bódìjà
Ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn torí ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí, gbogbo rosemary tó wà lágboolé wa, ara igi kan ṣoṣo ló ti wá. Ẹ wo ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí, èyí tó ṣì tutù lókè àmọ́ tí ìdí ẹ̀ ti ń le bọ̀. Ẹ gé e ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ fọwọ́ ha gbogbo ewé ìdajì ìsàlẹ̀ kúrò, kó ku ìhòòhò igi, torí ewé tó bá wọnú iyẹ̀pẹ̀ á jẹrà ni. Ẹ ti ìhòòhò yẹn bọ inú shápù sáńdì tó tutù, yanrìn nìkan, ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀ sí i. Rọ́bà kọ́sítáàdì tẹ́ ẹ lu nídìí ti tó, mẹ́rin márùn-ún lè wà nínú ẹyọ kan. Ẹ gé ike omi sí méjì kẹ́ ẹ fi apá òkè bò ó lórí, kẹ́ ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ibòji tó mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ, gbòǹgbò á ti wà. Tẹ́ ẹ bá rọra fà á tí kò wá, ó ti mú nìyẹn. Ẹ má sáà máa fà á lójoojúmọ́.

Àwọn kan máa ń kì í bọnú omi nínú ife, ìyẹn náà ń ta gbòǹgbò tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ omi ẹ̀ déédéé, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti inú yanrìn wá máa ń lágbára ju tinú omi lọ.

Àbẹ̀ní, ìwọ náà, nínú ẹ̀ka tí Bàbá ní kó o gé kúrò lórí yẹn, ṣa èyí tó ṣì tutù kó o gbìn ín. Tí ìyá bá kú, ọmọ á wà.

Àbẹ̀ní Àkóbọ̀
Ẹ ṣé mà, mo ti ń ṣa wọ́n sọ́tọ̀ báyìí o! Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ òjò tó ṣì kù ńkọ́? Oṣù keje la ṣì wà. Níbo ni kí n gbé e sí?

Ìyá Tólú, Àpáta
Abẹ́ etí òrùlé níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Èmi ri ọparun mẹ́rin mọ́lẹ̀, mo na nylon funfun tó mọ́lẹ̀ bo orí ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀. Oòrùn ń wọlé, òjò ò wọlé, atẹ́gùn ń fẹ́. Látìgbà tí òjò bá ti le títí di ìparí oṣù kẹwàá, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo tèmi ń gbé. Ẹ má gbé e sínú yàrá o, atẹ́gùn ò sí níbẹ̀, ẹ̀bu funfun á bò ó.

Dẹ̀jọ Òkè Àrẹ̀
Ẹ̀bu funfun wo nìyẹn mà? Torí abẹ́ ewé tèmi funfun.

Ìyá Tólú, Àpáta
Abẹ́ ewé ẹ̀ funfun bẹ́ẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, irun kéékèèké ló wà níbẹ̀. Èyí tí mò ń sọ, ojú ewé lókè ló ń wà, tẹ́ ẹ bá fìka nù ún á lẹ̀ mọ́ yín níka. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ gé ẹ̀ka yẹn sọ nù, ẹ má kó o sínú kọ́ńpósìtì, kẹ́ ẹ sì dín ẹ̀ka àárín tó há mọ́ra kù kí atẹ́gùn lè ráyè. Bẹ́ ẹ bá ń bomi rin ín, ìdí ni kẹ́ ẹ da omi sí, láàárọ̀, ẹ má wọ́n ọn sórí ewé.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tiẹ̀ o. Tí ọyẹ́ bá dé ní December, gbogbo ohun tá a ń sọ nípa omi yìí á yí padà, ìkòkò amọ̀ lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan, rosemary sì nìyí, kì í rọ wọ̀ọ̀ bí ẹ̀fọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ṣe lá dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ á kàn rí i lọ́jọ́ kan pé ó ti gbẹ pátápátá. Torí náà ẹ má wo ewé, ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá gbẹ níbẹ̀, ẹ bomi rin ín kó yó títí omi á fi jáde nísàlẹ̀. Tó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Òfin yìí kan náà ni lójò lẹ́ẹ̀rùn, ọjọ́ tó wà láàárín ló ń yàtọ̀. Ẹ tún lè gbé ìkòkò sókè, ọwọ́ yín á mọ èyí tó fúyẹ́.

Ọyẹ́ yẹn náà ni àwọn kòkòrò kíkíní ń yọjú, ewé á máa ní àmì tótòtó funfun funfun, ẹ̀ẹ́ rí òwú aláǹtakùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ẹ̀ka. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa, pàápàá abẹ́ ewé, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Tí kò bá lọ, omi ọṣẹ díẹ̀ tàbí omi ewé dongoyaro tẹ́ ẹ sẹ́, nírọ̀lẹ́, kí oòrùn má bá ọṣẹ lára ewé.

Ṣadé Onírun, Mọ̀kọ́lá
Ẹ ṣé mà, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń já a fún irun, ṣé mo lè já ewé ẹ̀ nígbàkígbà?

Màmá Ṣẹ́gun, Bódìjà
O lè já a nígbàkígbà tó bá ti lágbára, orí ẹ̀ka ni kó o máa gé, ìyẹn á mú kó tún pẹ̀ka sí i. Ṣùgbọ́n má gé e wọnú igi gbígbó tí kò léwé mọ́, rosemary kì í sábà rúwé padà látibẹ̀. Èmi máa ń so tèmi kọ́ ní kíṣìnnì níbi tí oòrùn ò sí, tó bá gbẹ màá rún un sínú ìgò, adìyẹ yíyan àti ọ̀dùnkún díndín ni mo ń lò ó fún, ẹ má dà á pọ̀ jù, òórùn ẹ̀ le.

Kọ́lá Agric
Àǹtí Ṣadé, ẹ jẹ́ n sọ èyí fún yín nítorí àwọn kọ́sítọ́mà yín. Ìwádìí kan jáde lọ́dún 2015, èèyàn 100 tí irun orí wọn ń já ni wọ́n lò, ìdajì lo epo rosemary, ìdajì lo minoxidil 2%, oògùn tí wọ́n ń fi mú irun hù. Lóṣù kẹta wọn ò rí ìyàtọ̀ kan gidi, lóṣù kẹfà ni irun àwọn méjèèjì tó wá pọ̀ sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Epo ni wọ́n lò o, kì í ṣe omi ewé tá a sè, torí náà ẹ má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé irun ẹ̀ á pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Epo rosemary tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré náà, ẹ má kàn dà á sórí èèyàn bẹ́ẹ̀, ó lè ta á lára, ẹ fi epo àgbọn là á. Aboyún, kó má lo epo ẹ̀, kó má sì mu àgbo ẹ̀, èyí tá à ń fi sọ́bẹ̀ díẹ̀ kò ní wàhálà.

Ṣadé Onírun, Mọ̀kọ́lá
Ó dáa bẹ́ẹ̀ sà, mo gbọ́. Màá máa sọ fún wọn.

Dẹ̀jọ Òkè Àrẹ̀
Àǹtí Mistura, tèmi ti pọ̀, ẹ lè wá gba ẹ̀ka lọ́fẹ̀ẹ́, àti ẹlòmíì tó bá fẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ṣeé dúró fún, ẹ jẹ́ kó di ìparí oṣù kẹsàn-án, tó bá fi máa ta gbòǹgbò òjò á ti ń lọ, á ti mẹsẹ̀ dúró kí ọyẹ́ tó dé.

Mistura Challenge
Ọlọ́run á bù kún ẹ o àbúrò mi. Oṣù kẹsàn-án tó mi, màá ti wá shápù sáńdì sílẹ̀. Láti Òkè Àrẹ̀ dé Challenge, ṣé kò ní rọ lójú ọ̀nà?

Màmá Ṣẹ́gun, Bódìjà
Kò ní rọ. Kí Dẹ̀jọ gé e láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ fi tíṣù tútù wé ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ kó o sínú nylon kẹ́ ẹ má so ẹnu ẹ̀ pinpin. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ yín nínú mọ́tò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jù ú sí búùtù, ooru ibẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbìn ín.